Màmá aládìrẹ béèrè: SIM tiwa, SIM tiwọn, àbí eSIM?

Màmá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin bímọ ní Manchester, mo fẹ́ lọ bá a tọ́jú ọmọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo máa lò, lẹ́yìn ẹ̀ n ó yà sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Amsterdam fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó máa bọ̀ nílé. Istanbul la ti máa pààrọ̀ bàálù. Ọmọ mi ní òun máa ra SIM ibẹ̀ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kàn ṣí roaming sórí láìnì mi, pé gbogbo ẹ̀ á máa lọ bó ṣe ń lọ nílé. Ọmọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tún ní eSIM ni kí n rà. Ohun tó ń já mi láyà ni pé orí láìnì mi yẹn ni álẹ́ẹ̀tì báńkì ń wọlé sí, àwọn oníbàárà mi á sì máa sanwó, àwọn ọmọ ìsọ̀ á máa wá mi. Èwo ni kí n mú nínú ẹ̀?"

Màmá, ẹ kú oríire ọmọ tuntun, Ọlọ́run á wò ó, á dá a sí fún wa. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní Panṣẹ́kẹ́ níbí, ìgbà tí wọ́n bá dé ni wọ́n ń wá, tí káàdì ti jó tán tàbí tí nọ́ńbà ti sọnù, kò sì sí ohun tí mo lè ṣe sí i mọ́ nígbà yẹn ju kí n máa bá wọn kẹ́dùn lọ.

Kí n ti sọ ibi tí mo dúró sí. Láìnì Nàìjíríà yín yẹn, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ gbé fún un lọ́hùn-ún, kó máa gba mẹ́sẹ́ẹ̀jì báńkì, kó sì wà láàyè dìgbà tẹ́ ẹ máa dé. Dátà ní tiẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá wà ni kẹ́ ẹ ti rà á. Gbogbo wàhálà tí mo ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá ẹni náà gbé iṣẹ́ méjèèjì lé SIM kan lórí ni, tàbí ó yọ SIM tí kò yẹ kó yọ. Nítorí náà ọ̀rẹ́ yín tó ní kẹ́ ẹ ṣí roaming ò jẹ̀bi tán, ọmọ yín náà ò jẹ̀bi, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì yín pàápàá ní ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wúlò (eSIM tó ń sọ yẹn, SIM tí a kì í fọwọ́ mú ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń kó o sínú fóònù), ó kàn jẹ́ pé ohun tí kálukú wọn ń sọ, ibi tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n fi Ìdìrókò ṣàlàyé roaming fún yín. Tẹ́ ẹ bá ti dé ẹnubodè Ìdìrókò rí, ẹ á rí i pé nígbà míì orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè fóònù yín á ṣàdédé yí padà di ti àwọn ará Kútọnu, lẹ́tà R kékeré kan á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. R yẹn ni roaming. Fóònù yín ti kúrò nílé, ó ti wọ ilé onílé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tiyín ló sì máa bá a san owó ibùsùn, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n á ti wá gba owó yẹn padà pẹ̀lú èrè lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ọ̀nà tí dátà yẹn ń gbà. Tẹ́ ẹ bá wà ní Manchester tẹ́ ẹ fi SIM Nàìjíríà ṣí WhatsApp, ohun tẹ́ ẹ tẹ̀ yẹn kì í gba ibẹ̀ jáde tààrà, ó máa ń kọ́kọ́ padà wá sọ́dọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni SIM ní Nàìjíríà níbí kó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èsì ẹ̀ náà á tún gba ibí kọjá kó tó padà dé ọwọ́ yín. Bí ẹni tó wà ní Kútọ̀, tó fẹ́ ra àkàrà lójú títì iwájú ilé ẹ̀, tí wọ́n wá ní kó kọ́kọ́ lọ Ṣàgámù kó bọ̀ kó tó lè rà á. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń fà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì tó sì fẹ́ jẹ nínú ẹ̀ ló jẹ́ kó wọ́n.

Tẹ́ ẹ ò bá sì ra bundle roaming kankan, MB kọ̀ọ̀kan ni wọ́n máa ń ka owó lé lórí. Ká ní ₦50 péré ni wọ́n ń gba lórí MB kan, 1GB tó jẹ́ 1,024MB ti di ₦51,200 nìyẹn, 1GB ọ̀hún sì ni àwọn ọmọ ìsọ̀ yín ń fi wo TikTok tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ń ta bundle roaming lóòótọ́, ó sì wúlò fún ẹni tó ń lọ mítíǹgì ọjọ́ méjì tó fẹ́ padà. Fún ọ̀sẹ̀ méje, rárá o.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo lọ ra ọjà ní Dubai, mo ti fi káàdì ₦15,000 sórí fóònù kí n tó wọ bàálù, mo ní kó lè máa wà níbẹ̀ fún pàjáwìrì. Bí bàálù ṣe balẹ̀ báyìí mo pa flight mode, mo ki fóònù bọ àpò, mo lọ tò sórí ìlà ìmígírésọ̀n. Fóònù ń gbọ̀n lápò mi, ó ń gbọ̀n, mi ò yọ ọ́ torí wọ́n ní ká má lo fóònù níbẹ̀. Ìgbà tí mo máa yọ ọ́ wò, fídíò ìgbéyàwó ẹbí wa mẹ́rin ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà nínú gúrúùpù WhatsApp, àwọ̀ ewé yẹn ṣì ń yí po lórí ìkẹrin, mẹ́sẹ́ẹ̀jì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì wà lókè pé káàdì mi ku ₦11.60. Mi ò tíì pe ẹnì kankan o. Mo wá dé òtẹ́ẹ̀lì, mo gba WiFi, mo ní kí n fi WhatsApp pe ìyàwó mi pé mo ti gúnlẹ̀, kò lọ, àfi ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọ́n ti dí ìpè WhatsApp ní UAE, mẹ́sẹ́ẹ̀jì nìkan ló ń lọ. Ìyàwó mi jókòó títí di aago méjì òru, ó ń dúró de ìpè mi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an ni, látìgbà náà ni mo ti fi í ṣe dandan pé ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ rìnrìn àjò, mo máa gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀ wò.

Ẹ wá gbọ́, roaming lọ́tọ̀, data roaming lọ́tọ̀. Ibí yìí gan-an ló máa ń da èèyàn láàmú. Roaming ló máa jẹ́ kí SIM yín rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ so mọ́, tí mẹ́sẹ́ẹ̀jì báńkì á fi lè wọlé. Data roaming ló ń jẹ owó. Ẹ fẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ ò fẹ́ ìkejì lórí láìnì yẹn. Àwọn kan á gbọ́ pé roaming ń jẹ owó, wọ́n á ní ká pa gbogbo ẹ̀, wọ́n á dé London, báńkì á fi kóòdù ránṣẹ́, kóòdù ò ní dé, wọn ò sì ní lè fi owó ọjà ránṣẹ́ sílé. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó kúrò ní Abẹ́òkúta, ẹ pe 300 tàbí kẹ́ ẹ yà lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí roaming ṣí lórí láìnì yín fún mẹ́sẹ́ẹ̀jì, ẹ ní kí wọ́n wò ó níṣojú yín bóyá ó ti ṣí. Ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, torí ìgbà tí SIM ò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan so mọ́, báwo lẹ ṣe fẹ́ pe ẹni tó máa bá yín ṣí i? Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọ sẹ́tíǹsì, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ data roaming sí lábẹ́ SIM Nàìjíríà yín, ẹ pa á. Pípa á nílé ni mo ń sọ o, kì í ṣe nínú bàálù.

SMS tó ń wọlé nígbà téèyàn wà lórí roaming, wọn kì í sábà gba owó ẹ̀. Ìpè tó ń wọlé ni wọ́n ń gba owó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíì ló pè. Ẹni tó jókòó sí Ìtòkú ò ní mọ̀, á rò pé káàdì tòun nìkan ló ń lọ, á máa bá yín sọ̀rọ̀ ẹni tó ra kámpálà tí kò tíì san tán, á fi ogún mínítì ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ ìsọ̀ àti àwọn oníbàárà yín kẹ́ ẹ tó lọ pé WhatsApp ni kí wọ́n fi máa pè yín, ẹ kọ ọ́ sórí status yín pàápàá. Tí ìpè lásán bá wọlé, ẹ má gbé e, ẹ fi WhatsApp pè é padà. Ẹ fi káàdì díẹ̀ sórí láìnì yẹn ṣá o, kó má ṣófo.

Ọ̀rọ̀ báńkì, mo mọ̀ pé òun gan-an ló ń dùn yín lọ́kàn. Áàpù báńkì yín ò nílò SIM Nàìjíríà kó tó ṣiṣẹ́, dátà tàbí WiFi èyíkéyìí ti tó o, ẹ á máa rí owó tó wọlé lójú ẹsẹ̀ nínú ẹ̀. Ìgbà tó bá fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ nìkan ló nílò láìnì yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pààrọ̀ fóònù lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ yín fún yín ní fóònù tuntun lọ́hùn-ún kẹ́ ẹ wá ní ẹ fẹ́ kó áàpù báńkì síbẹ̀, torí tí áàpù bá ti rí fóònù tí kò mọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àwọn nǹkan tó lè gbé yín dé báńkì, báńkì yín sì wà ní Ṣàpọ́n. Fóònù tuntun yẹn, ẹ gbé e bọ̀ nílé. Kóòdù orí fóònù, àwọn *737# àti *901# yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e nílẹ̀ òkèèrè. Ẹ lọ sí báńkì kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ímeèlì kún ibi tí álẹ́ẹ̀tì ń lọ, kó bàa jẹ́ pé tí SMS bá pẹ́, ímeèlì á ti dé.

Àwọn SIM yíyọ yìí ńkọ́? Ẹ má yọ ọ́. Oníbàárà mi kan ní Ọbántokò, bó ṣe dé Canada ló yọ SIM ẹ̀, ó wé e sínú tíṣù, ó tì í bọ wọ́lẹ́ẹ̀tì. SIM yẹn ò ju èékánná lọ. Tíṣù yẹn bá ilẹ̀ lọ. Láti gba òmíràn, àfi kó wá fúnra ẹ̀ pẹ̀lú NIN, nílé, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́hùn-ún, kò lè wá. Òun ló ṣì ń san owó fún àwọn lébìrà tó ń kọ́lé fún un, ìyẹn dúró fún oṣù mẹ́rin gbáko. Kó mà tún wá ṣe pé ó pẹ́ jù, torí àjọ NCC, àwọn tó ń darí àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Nàìjíríà, ní òfin kan pé láìnì tí wọn ò bá fi ṣe ohunkóhun tó mówó wọlé, ìpè, SMS, dátà ríra, fún oṣù 6, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè ti í pa, tó bá tún pé oṣù 6 míì láìyí padà, nọ́ńbà yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíì. Ẹ ronú ẹ̀ wò, àjèjì kan á máa gba kóòdù báńkì yín. Ọ̀sẹ̀ méje tiyín ò dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìtọ́jú ọmọ ṣe máa ń rí, a ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ á ní kẹ́ ẹ fi oṣù kan kún un, kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ pẹ́ yáa máa fi SMS kan ránṣẹ́ láti orí láìnì ẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ ò sọ irú fóònù tẹ́ ẹ ń lò fún mi. Tó bá jẹ́ Tecno, Infinix tàbí itel, a jẹ́ pé ihò SIM méjì ló ní, ọ̀rọ̀ ti rọrùn nìyẹn, ẹ fi SIM Nàìjíríà sílẹ̀ sí ihò kìíní, ẹ fi ti UK sí ìkejì, ẹ wọ sẹ́tíǹsì kẹ́ ẹ yan SIM 2 fún mobile data, ó parí. Tẹ́ ẹ bá rí ibì kan tí wọ́n kọ auto data switching sí, ẹ pa ìyẹn náà, torí òun ló máa ń fò lọ sórí SIM kejì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ bá ti rọ díẹ̀. Tó bá jẹ́ fóònù tòkunbọ̀ ni, ẹ gbé e wá kí n wò ó bóyá wọ́n ti tì í pa mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan. Lórí iPhone, ẹ wọ Settings, General, About, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé Carrier Lock, tí wọ́n bá kọ No SIM restrictions síbẹ̀, kò sí ìbẹ̀rù. Àwọn iPhone 14 tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ ní ihò SIM rárá, eSIM nìkan ni wọ́n mọ̀, ẹni tó bá ń lo irú ẹ̀, láìnì Nàìjíríà ẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti di eSIM.

Fóònù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nílé níbí á ṣiṣẹ́ ní Manchester àti Amsterdam láìsí ìṣòro, ìgbì tí wọ́n ń lò fún 4G lọ́hùn-ún ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà ni mo máa ń dá dúró. Ìgbì tiwọn yàtọ̀, ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ṣe fún ọjà Áfíríkà ò gbọ́ àwọn kan nínú ẹ̀, wọ́n sì ti pa 3G ní gbogbo Amẹ́ríkà láti 2022, nítorí náà èèyàn lè dé Houston kí fóònù tó fi ₦300,000 rà máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri bí ẹni tó sọnù.

SIM UK wá ni ọmọ yín máa rà, òótọ́ ló sì sọ. Níbẹ̀, ẹni tó bá ra SIM pay as you go, ìyẹn èyí téèyàn ń sanwó sí kó tó lò ó, wọn kì í béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí NIN, kò sí ìka títẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni SIM fúnra ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lè béèrè fún ti giffgaff, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan níbẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n fi pósítì gbé e wá sílé ọmọ yín, kó ti máa dúró dè yín kẹ́ ẹ tó dé. giffgaff, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì O2 ló ń gùn, Lebara, orí ti Vodafone, ẹ ní kí ọmọ yín wo èyí tó lágbára nínú ilé tiwọn gan-an, torí ilé bíríkì tó nípọn wọ̀nyẹn máa ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nǹkan bíi £10 lóṣù ti tó o, ó ti pọ̀ pàápàá, torí WiFi wà nínú ilé, inú ilé lẹ sì máa wà jù pẹ̀lú ọlọ́mọ. Mo fẹ́ràn SIM ibẹ̀ ju eSIM lọ fún ẹni tó bá máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, torí ó máa fún yín ní nọ́ńbà UK, tí ọmọ yín bá jáde tẹ́ ẹ dá wà nílé pẹ̀lú ọmọ, tí nọ́ọ̀sì fẹ́ pè yín, ó lè pè yín. Ọ̀pọ̀ eSIM arìnrìn àjò ò ní nọ́ńbà, dátà lásán ni.

Tí SIM UK bá ti wọlé, WhatsApp lè bi yín bóyá nọ́ńbà yín ti yí padà. Ẹ ní rárá. Nọ́ńbà Nàìjíríà tí gbogbo oníbàárà mọ̀ yẹn lá máa bá a lọ lórí SIM èyíkéyìí, WhatsApp ò bìkítà ibi tí dátà ti ń wá.

Ibi tí eSIM ti wúlò fún yín ni Amsterdam, àti fún àwọn tó ń lọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Láti oṣù kẹfà 2017 ni gbogbo orílẹ̀-èdè European Union ti fẹnu kò pé SIM tí wọ́n bá rà ní ọ̀kan nínú wọn á máa ṣiṣẹ́ ní ìyókù ní iye kan náà, ẹni tó ra SIM ní Amsterdam lè fi dé Paris dé Milan. Ṣùgbọ́n UK ti jáde kúrò láàárín wọn, nítorí náà SIM Manchester yín, ẹ ní kí ọmọ yín ka ìwé ẹ̀ dáadáa kó tó rà á, àwọn kan ṣì ń fi Europe kún un, àwọn kan ń gba owó lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ èyí tó fi kún un ló rà, ẹ ò nílò nǹkan míì mọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan yẹn, kẹ́ ẹ kàn ṣí data roaming lórí SIM UK yẹn nìkan tẹ́ ẹ bá dé Amsterdam. Tí kò bá sí, ẹ ra eSIM Netherlands tàbí ti Europe kékeré bíi 3GB lọ́wọ́ Airalo tàbí irú wọn tó ń ta eSIM lórí íntánẹ́ẹ̀tì, WiFi àbúrò yín á ṣe ìyókù.

Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ tẹ *#06#. Tẹ́ ẹ bá rí EID láàárín àwọn nọ́ńbà tó yọ, fóònù yín ń gba eSIM. Tó bá jẹ́ IMEI nìkan lẹ rí, ẹ gbàgbé ẹ̀. Tó bá gbà á, orí WiFi ni kẹ́ ẹ ti kó o sínú fóònù, torí kò lè wọlé láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán QR tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ kó wà lórí fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ lè yà á. Tó bá ti wọlé, ẹ má pa á rẹ́ nítorí pé kò tíì ṣiṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ lè kó wọn wọlé, tẹ́ ẹ bá ti pa á rẹ́, owó yín lọ nìyẹn. Kò ní ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ ò bá tíì dé ibẹ̀. Ibi tó sì máa ń ta kókó nìyí: eSIM yẹn ní tiẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí data roaming fún un, torí àlejò lòun náà jẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀, ẹ sì ti sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Data roaming SIM Nàìjíríà wà ní títì, ti eSIM wà ní ṣíṣí. Mo ti kọ ọ́ sórí ìwé pélébé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, màá kọ ọ́ fún yín náà.

Istanbul, ẹ má ra nǹkankan níbẹ̀. Turkey ò sí nínú European Union, eSIM Europe míì ò tiẹ̀ dé ibẹ̀, wákàtí díẹ̀ lẹ sì máa lò. WiFi pápákọ̀ ti tó láti sọ fún ọmọ yín pé ẹ ti dé ìdajì ọ̀nà. Ó lè fẹ́ fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín kó tó jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí roaming ti ṣí fún SMS. Síbẹ̀, ẹ kọ àdírẹ́sì ilé ọmọ yín àti nọ́ńbà UK ẹ̀ sórí ìwé, ẹ fi sínú pásípọ́ọ̀tù, torí ìmígírésọ̀n Manchester lè béèrè ibi tẹ́ ẹ ń lọ, bátìrì fóònù sì lè kú lọ́wọ́ yín.

Àwọn tó ń lọ Umrah náà máa ń bi mí, kí n ti fi tiwọn kún un: SIM STC, Mobily tàbí Zain wà ní pápákọ̀ Jeddah, pásípọ́ọ̀tù àti ìka títẹ̀ ni wọ́n fi ń rà á, ó sì tẹ́ni lọ́rùn ju roaming lọ fíìfíì. Ẹni tó ń lọ Guangzhou ra ọjà nìkan ni mo máa ń sọ fún pé kó ra eSIM tí kì í ṣe ti China kó tó kúrò nílé, torí SIM China ò ní jẹ́ kó rí WhatsApp àti Google, àmọ́ dátà eSIM ilẹ̀ òkèèrè ń gba ìlú tó ti wá jáde, bí mo ṣe fi Ṣàgámù ṣàlàyé ẹ̀ lókè yẹn, ọ̀nà jíjìn yẹn ló wá di àǹfààní níbí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ jókòó sí WiFi tàbí dátà ilé, ẹ wọ WhatsApp, Settings, Storage and data, ẹ wá When roaming, ẹ yọ àmì kúrò lára fọ́tò, ọ́díò, fídíò àti dọ́kúmẹ́ǹtì, gbogbo ẹ̀. Ẹ pa auto-update Play Store, ẹ pa backup Google Photos, torí àwòrán àdìrẹ tó pọ̀ lórí fóònù yín yẹn, òun ló máa fẹ́ máa gun òkè lọ nígbàkigbà tó bá rí dátà. Fídíò kọ́ọ̀lù wákàtí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ìsọ̀ lè jẹ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta MB dáadáa, ẹ ṣe ìyẹn lórí WiFi ilé ọmọ yín. Ẹ ní kí wọ́n máa ya àpẹẹrẹ aṣọ ní fọ́tò ránṣẹ́, ìyẹn ò jẹ nǹkankan, ẹ sì lè fi ìka fẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ wo bóyá àró ẹ̀ mu ún dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá padà dé, ẹ yí mobile data padà sórí SIM 1, torí mo ti rí ẹni tó dé láti òkè òkun, tó pe ọjọ́ mẹ́ta tó ń sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà ti bàjẹ́, SIM òyìnbó ló ṣì ń lò. SIM UK yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọmọ yín, kó máa fi £1 lò ó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má bàa kú, ẹ á tún bá a níbẹ̀ nígbà ìkómọ tó ń bọ̀. Ẹ gbé fóònù yẹn wá kí n ṣe sẹ́tíǹsì rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìrìn àjò, ọjọ́ yòówù tó bá rọ̀ yín lọ́rùn láàárín Mọ́ńdè sí Sátidé, mi ò gba owó lórí ìyẹn.